Kúrò Ni àbí Dúró?

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin tèmi. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kó wọlé, ẹni tó pọn ọmọ kó sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú kóun náà lè gbọ́. Orin wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìjà wà nínú rẹ̀, oúnjẹ náà sì ń bẹ níbẹ̀. Ẹ má sọ pé mo pè yín jókòó síwájú àwo òfìfo. Ẹ kọ́kọ́ bá mi gbe orin, kí ẹsẹ̀ ìtàn lè yá nílẹ̀:

Ta ló ń kan ilẹ̀kùn mi o?
Èmi ni o, èmi ni.

Ẹ ṣeun, ohùn yín ò ní di. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ.

Òwúrọ̀ Kérésìmesì ni. Obìnrin kan dúró nínú pálọ̀ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ lé pákó ilẹ̀kùn náà bí ìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ tó ń gé bébà kàlẹ́ńdà, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Kàlẹ́ńdà. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wà lóde lọ́dẹ̀dẹ̀, àwọn àti Ìyá Onídìrí, aládùúgbò wọn tó ń dirun nísàlẹ̀ ilé. Ìyá Onídìrí ń dá gbé, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ti ń jẹ Kérésìmesì lọ́dọọdún.

Pó, pó, pó. Ìkànkùn náà fúyẹ́ bí ìgbà tí ẹyẹ bá ń ṣa ọkà lórí páànù. Ìyá Kàlẹ́ńdà rẹ́rìn-ín músẹ́. Bíńtín, àbíkẹ́yìn rẹ̀, nìyẹn. Ó dá orin:

"Ta ló ń kan ilẹ̀kùn mi o?"

"Èmi ni o, èmi ni!"

"Kí lo wá dà lọ́dún yìí o?"

"Èmi lọmọ tó mọ okùn bàtà á so o!"

"Ó dára bẹ́ẹ̀, wọlé o, oúnjẹ ti délẹ̀!"

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ilé náà nìyẹn. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kànkùn, kó fi orin sọ ohun tóun dà lọ́dún náà. Ohun tó bá sọ, òtítọ́ gbọ́dọ̀ ni. Bí ìyá bá sì ti dáhùn pé ó dára bẹ́ẹ̀, ó tán nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà kì í yẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká má purọ́, Ìyá Kàlẹ́ńdà ò gbọ́ ohun tí Bíńtín sọ. Ohùn ọmọ náà dé etí rẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń kọrin nínú kòkò. Ohun tó jẹ́ kó mọ̀ ọ́n ni pé gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bíńtín ti ń dúró síwájú rẹ̀ tó ń kọ ọ́ lákọtúnkọ, tó ń na ẹsẹ̀ tó wọ bàtà síta.

Ariwo ẹ̀rọ ló jẹ etí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ikán ṣe ń jẹ òpó: òde ń dán, inú ti ṣófo. Nílé ìtẹ̀wé, ẹnikẹ́ni ò kíyè sí i. Ta ló ń gbọ́ ta ni níbẹ̀? Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ètè ara wọn ni wọ́n ń wò. Bí ẹnì kan bá ní "gbé omi wá" láti ìkángun yàrá, ojú ni wọ́n fi ń mú un. Ìyá Kàlẹ́ńdà mọ ètè kà ju bí àlùfáà ṣe mọ Bíbélì lọ. Nílé náà, ó ń rọ́gbọ́n dá sí i. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá kan.

Ilẹ̀kùn yìí nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Ilẹ̀kùn ò ní ètè.

Gbàm! Gbàm! Èyí kò fara sin. Rédíò nìyẹn, ọmọkùnrin àárín, tí wọ́n ní kò dákẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé láti ilé ìgbẹ̀bí. Ìyá dá orin, ó dúró fún ìwọ̀n bí orin ọmọ ṣe máa ń gùn tó, ó wá dáhùn pé ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, gbogbo wọn ti ń rẹ́rìn-ín kú lọ, Ìyá Onídìrí di orúnkún mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí wí!" ni Ìyá Onídìrí ń pariwo. "Ó ní òun lọmọ tí ohùn rẹ̀ ń ké bí àgbò!"

Ìyá Kàlẹ́ńdà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó dé ibi àríyá nígbà tí wọ́n ti ń ká àga. Ìyá Onídìrí wò ó, ó sì gbé ojú kúrò.

Ó ku àkọ́bí. Adájọ́ ni wọ́n ń pè é, torí òun ló ń parí ìjà àwọn àbúrò rẹ̀, bó bá sì ti dájọ́, kò sẹ́ni tó ń pẹ̀jọ́. Ọdún yẹn ló jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìyá ti ilẹ̀kùn padà, ó gbé ọwọ́ lé e.

Pó. Ó sinmi. Pó.

Ọmọ yìí kì í kànkùn pẹ̀lẹ́ báyìí. Ó dá orin, ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí kò ṣe fún àwọn tó kù: ó gbé etí lé pákó, ó pa ojú dé, ó kó gbogbo ara rẹ̀ jọ sínú etí kan ṣoṣo náà.

"Èmi lọmọ tó fẹ́ ... ú ... ó nílé o."

Dúró! Dúró nílé! Inú ìyá dùn débi pé ó fẹ́ fò. Láti oṣù mélòó kan ló ti ń wá bó ṣe máa bẹ ọmọ yìí pé kó dúró, kó wá bá òun ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé, kò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́! Ó fi gbogbo ọ̀fun gbé e:

"Ó dára bẹ́ẹ̀! Ó dára bẹ́ẹ̀! Wọlé o, oúnjẹ ti délẹ̀!"

Ó ṣílẹ̀kùn wàì. Adájọ́ dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omijé, ó fò mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn, ó sì ń sọ ohun kan sí i léjìká. Ìyá ò gbọ́ ọ. Ó kàn ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ó ń wí pé, "Ọmọ mi. Ọmọ mi àtàtà."

Ẹ bá mi gbè é, ẹ má jẹ́ kó tutù:

Ta ló ń kan ilẹ̀kùn mi o?
Èmi ni o, èmi ni.

Wọ́n jókòó sídìí tábìlì. Ìrẹsì ń rú èéfín, adìyẹ tí wọ́n sun wà láàárín, awọ rẹ̀ pọ́n bí ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Bíńtín ti fi ẹsẹ̀ lé orí àga kí gbogbo ayé lè rí okùn bàtà rẹ̀. Rédíò ń bá Ìyá Onídìrí jà sí itan adìyẹ.

"Ìwọ wo itan yìí dáadáa," ni Ìyá Onídìrí wí. "Ó ti mọ ẹni tó ń lọ bá."

"Màmá Onídìrí, ẹ̀yin náà lẹ jẹ ẹ́ lọ́dún tó kọjá!"

"Ṣé adìyẹ kan náà ni?"

Ìyá Kàlẹ́ńdà gbá tábìlì. Ó ti dìde, ó gbé ife omi lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi ìgbéyàwó. "Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kan kí a tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan sínú, Adájọ́ ti bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lónìí. Nígbà tó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ dúró nílé, ó tán. Mo ti bá Ọ̀gá wa nílé ìtẹ̀wé sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bí a bá ti wọlé ọdún, àwa méjèèjì la jọ ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ló máa dúró sí."

Síbí Ìyá Onídìrí dúró lójú ọ̀nà ẹnu.

Adájọ́ gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀. "Màámi, kí lẹ wí?"

"Iṣẹ́, mo ní iṣẹ́ ti wà fún ẹ."

"Rárá. Kí lẹ ní mo sọ lẹ́nu ọ̀nà?"

"O ní o fẹ́ dúró nílé."

"Kúrò!" Adájọ́ ti dìde. "Kúrò ni mo sọ, Màámi! Mo fẹ́ kúrò nílé! Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ti gbà mí. Ibẹ̀ ni mo máa gbé. Mo sọ ọ́ fún yín nígbà tí ẹ ń fọ abọ́, ẹ ní hun-un. Mo tún sọ ọ́ nígbà tí ẹ ń ká aṣọ, ẹ mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọkàn mi ò balẹ̀, mo wá ní kí n lọ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà kì í yẹ̀. Ẹ sì dáhùn! Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ dáhùn!"

Ọ̀rọ̀ náà ń yára jáde, ṣùgbọ́n ojú ìyá ò kúrò lára ètè ọmọ. Ó rí i dáadáa. Kúrò. Nígbà tí ẹ ń fọ abọ́. Nígbà tí ẹ ń ká aṣọ. Ó ti kọ ẹ̀yìn sí ọmọ náà nígbà méjèèjì. Irú hun-un wo lòun tún ti ṣe, ta ló sì tún ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún láìgbọ́?

"Mo ... dúró ni mo gbọ́," ló wí.

"Bí èèyàn bá ń kọrin, kúrò pẹ̀lú dúró lè jọra," ni Ìyá Onídìrí sáré wí, kó lè fi omi pa iná. "Orin a máa ká ọ̀rọ̀ kò."

"Ẹ̀yin kí lẹ gbọ́, Màmá Onídìrí? Ẹ̀yìn mi lẹ wà."

Ìyá Onídìrí wo ìyá, ó wo ọmọ, ó gbé síbí sílẹ̀. "Kúrò ni mo gbọ́."

"Èmi náà," ni Rédíò wí. "Kúrò ló sọ. Inú mi gan-an ò dùn sí i."

Adájọ́ yíjú sí ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, èyí sì burú ju ariwo lọ. "Gbogbo èèyàn ló gbọ́. Ẹ̀yin náà gbọ́. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni, Màámi. Ẹ mọ̀ pé ẹ ò lè sọ pé rárá lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wá yí ọ̀rọ̀ mi po, ẹ lọ fi mí ṣe àdéhùn fún Ọ̀gá. Ẹ fi orin Bàámi purọ́ fún mi."

"Adájọ́!" ni Ìyá Onídìrí kígbe. "Ìyá rẹ lo ń bá sọ̀rọ̀ o!"

"Mo mọ̀. Òun ló kọ́ mi pé a kì í purọ́ níbẹ̀."

Ó jáde. Ilẹ̀kùn ró gbàgà. Ìyá ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó rí ife omi tó mì lórí tábìlì. Bíńtín bú sẹ́kún, ó ní Kérésìmesì ti bàjẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orin Bàámi yẹn ló gún ìyá lọ́kàn jù. Bàbá àwọn ọmọ náà, káfíńtà, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ilẹ̀kùn náà. Kérésìmesì kan, nígbà tí Adájọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gé ọ̀rọ̀ sọ, afẹ́fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Ọmọ ń kànkùn, bàbá fi àwàdà béèrè pé ta ni yẹn, ọmọ sì dáhùn láti òde pẹ̀lú ìbínú pé, "Èmi ni! Mo ti dàgbà!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí, ó fi í ṣe orin. Ọdún tí bàbá náà kú, wọ́n ò fẹ́ kọ ọ́. Adájọ́ ló jáde fúnra rẹ̀ tó kànkùn, tó ní, "Èmi lọmọ tí kò ní bàbá mọ́ o." Kí ni ìyá máa fi dá irú èyí lóhùn? Ó fi ẹkún dáhùn pé ó dára bẹ́ẹ̀, wọlé o. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo wọn mọ ìtumọ̀ orin náà. Kì í ṣe pé ohun tó o dà dára o. Ohun yòówù kó o dà ni, wọlé.

Ìyá Kàlẹ́ńdà dé ilé ìdáná, ó gbá abọ́ kan mú, ó ń fọ̀ ọ́, abọ́ tí kò dọ̀tí. Omi ń dà. Bó ṣe kọ ẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà bẹ́ẹ̀, Ìyá Onídìrí wọlé, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ìyá Kàlẹ́ńdà, aṣọ yín ti gbiná lẹ́yìn o."

Abọ́ ń yí lọ́wọ́ Ìyá Kàlẹ́ńdà.

"Iná o! Ó ti dé ìgbáròkó yín!"

Kò sí nǹkan kan. Ìyá Onídìrí rọra na ọwọ́, ó fọwọ́ kàn án léjìká. Ìyá Kàlẹ́ńdà fò sókè, abọ́ bọ́, ó fọ́. Wọ́n wo ara wọn lójú.

"Láti ìgbà wo?" ni Ìyá Onídìrí béèrè.

"Kí ló ń jẹ́ láti ìgbà wo?"

"Ẹ má fi mí ṣeré. Ẹ̀yìn yín ni mo máa ń wà bí mo bá ń dirun fún yín. Mo máa sọ̀rọ̀ títí ẹnu á máa ro mí, ẹ ó kàn ní hun-un. Mo ní Ìyá Kàlẹ́ńdà ti ń gbéra ga, ó ti ń rí mi fín. Mo ti bú yín nínú mi, ẹ foríjì mí. Etí ni, àbí?"

Ìyá Kàlẹ́ńdà jókòó sórí àpótí. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ wá jẹ́ ká pe ọmọ yẹn wọlé ká sọ fún un."

"Ẹ má ṣe é!" Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ mọ Adájọ́. Bó bá gbọ́ pé etí mi ti lọ, kò ní lọ síbì kankan mọ́. Á tú ẹrù rẹ̀, á jókòó tì mí, kò sì ní bínú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, kò ní bínú. Títí á fi darúgbó, á máa bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà lẹ ti lọ gba iṣẹ́ fún un sí ẹ̀gbẹ́ yín."

Ìyá Kàlẹ́ńdà wo ilẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ̀rọ tí mo wà nídìí rẹ̀, aago kan máa ń dún lára rẹ̀ kí abẹ tó já wálẹ̀. Aago yẹn ló ń sọ pé kó o kó ọwọ́ rẹ kúrò. Mi ò gbọ́ aago náà mọ́. Lọ́jọ́ kan, abẹ gé etí aṣọ mi. Mo ní bí Adájọ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa fọwọ́ kàn mí."

Ìyá Onídìrí fi ọwọ́ méjèèjì lé orí. "Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọwọ́ yín, Ìyá Kàlẹ́ńdà! Ẹ fẹ́ fi ọwọ́ bo etí láṣìírí?"

"Bí mo bá sọ ọ́, ọmọ mi ò ní lọ. Bí mi ò bá sọ ọ́, á lọ, á máa pè mí ní òpùrọ́ títí ayé. Ọ̀nà wo ni kí n gbà?"

"Èmi onídìrí ni, mi ò mọ ìwé," ni Ìyá Onídìrí wí. "Ṣùgbọ́n bí irun bá ta kókó, mi ò rí ẹni tó fi aṣọ bò ó kó tú rí. Orin tẹ́ ẹ fi kọ́ wọn láti má purọ́, ṣé àwọn ọmọ nìkan ló wà fún ni?"

Ìyá Kàlẹ́ńdà bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àfọ́kù abọ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó nu ọwọ́ gbẹ, ó kọjá nínú pálọ̀ láìwo adìyẹ tàbí ènìyàn, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Adájọ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi orúnkún gbé àgbọ̀n. Kò wo ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá dúró síbi tó ti lè rí ètè rẹ̀.

"Dìde, wọlé."

"Ebi ò pa mí."

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Wọlé, kó o ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta. Ìwọ ni kó o dá orin."

Adájọ́ yíjú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń kọ orin náà, àgbàlagbà ò kànkùn rí. "Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo ní kó o wọlé."

Ó wọlé. Ilẹ̀kùn pa dé. Ìyá Kàlẹ́ńdà dá wà lọ́dẹ̀dẹ̀, òun àti ilẹ̀kùn tí ọkọ rẹ̀ ṣe. Ó kànkùn, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Kò mọ̀ bóyá wọ́n ti dá orin nínú ilé, kò mọ̀ bóyá wọ́n kàn dúró tí wọ́n ń wo ara wọn. Ó dúró fún ìwọ̀n bí orin ṣe máa ń gùn tó.

"Èmi ni o, èmi ni."

Ó tún dúró díẹ̀. Kí lo wá dà lọ́dún yìí o? Ó kọ ọ́:

"Èmi nìyá tí etí rẹ̀ ti ń lọ o,
Mi ò gbọ́ kúrò, mi ò gbọ́ dúró,
Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń gbọ́ yín o."

Ó parí. Ó kù kí wọ́n dáhùn.

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fojú inú wò ó. Bí wọ́n bá ti ní ó dára bẹ́ẹ̀, kò ní gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ní kò dára, kò ní gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń sunkún nínú ilé, bí wọ́n bá ń yọ ṣùtì sí i, bákan náà ni pákó máa ṣe lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó dúró. Ó rò ó pé bóyá ohun tí àwọn ọmọ ń rí lóde níbí ní gbogbo ọdún nìyí, kí ẹnu ọ̀nà tó ṣí: kí èèyàn sọ òtítọ́ tán, kó máa wo pákó.

Pó.

Ó gbọ́ ọ ní àtẹ́lẹwọ́. Láti inú ilé wá.

Pó.

Ó mọ ọwọ́ náà. Ilẹ̀kùn ṣí. Adájọ́ dúró níwájú rẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ ti tutù, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá ò rí ọ̀rọ̀ kà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Bíńtín di aṣọ Ìyá Onídìrí mú. Rédíò pàápàá dákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Adájọ́ wí. "Mo pè yín ní òpùrọ́. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Mi ò lọ mọ́. Mo máa dúró."

"Kí lo wí? Lanu dáadáa."

"Mo ní mo máa dúró."

Ìyá fi ìka méjì gbá àgbọ̀n ọmọ mú. "Èyí ni mo rí báyìí. Bí èèyàn bá ní dúró, ahọ́n rẹ̀ á kọ́kọ́ kan eyín. Bó bá ní kúrò, ọ̀fun ló ti ń wá, ahọ́n ò yọjú. Èyí tó o sọ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, èwo ni?"

"Màámi, Màmá Onídìrí ti sọ ọ̀rọ̀ abẹ fún wa. Ta ló máa gbọ́ aago fún yín?"

Ìyá Kàlẹ́ńdà yíjú sí Ìyá Onídìrí. Ìyá Onídìrí wo àjà. "Wọ́n ní kí n má sọ ti etí," ló wí. "Wọn ò sọ ti abẹ."

"Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ," ni Ìyá Kàlẹ́ńdà dáhùn. "Bí a bá ti wọlé ọdún, èmi fúnra mi máa lọ bá Ọ̀gá, màá sọ fún un. Tábìlì àwọn tó ń ká bébà ò ní abẹ, ọwọ́ mi yá níbẹ̀ ju ti àwọn ọmọdé wọn lọ. Bó bá ní òun ò fẹ́, a ó wá nǹkan mìíràn ṣe. Èmi náà máa kúrò nídìí ẹ̀rọ yẹn. Ṣé o ti gbọ́? Ìwọ kúrò, èmi náà kúrò. Mi ò bí ọ láti wá jẹ́ etí fún mi. Ó yá, sọ èyí tó o sọ láàárọ̀. Ahọ́n rẹ ni mò ń wò."

Adájọ́ nu omijé, ó lanu dáadáa. Ahọ́n rẹ̀ ò kan eyín.

"Kúrò," ló wí. "Mo fẹ́ kúrò nílé."

Ìyá wo ètè náà títí tó fi pa dé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, kò sì fi pamọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ó gbé orin, ojú sí ojú, láìsí ilẹ̀kùn láàárín:

"Ó dára bẹ́ẹ̀."

"Màámi náà ńkọ́?" ni Bíńtín ké. "A ò tíì dá wọn lóhùn! Wọn ò lè wọlé!"

Òótọ́ ni, ìyá ṣì wà lóde. Rédíò bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ń lu orin náà sí i lára, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Àwọn tó kù dúró síwájú rẹ̀, wọ́n lanu gbàgàdà bí ọmọ ẹyẹ tí ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ dé, wọ́n ń kọ ọ́:

Ó dára bẹ́ẹ̀, wọlé o, oúnjẹ ti délẹ̀!

Ìyá Kàlẹ́ńdà wọlé.

Ìrẹsì ti tutù, wọ́n tún gbé e kaná. Ìyá Onídìrí lo àǹfààní ẹkún láti mú itan adìyẹ náà. Nígbà tí Rédíò fi máa rí i, eegun ló kù. "Ohùn àgbò ò gbọdọ̀ jẹ ẹran," ni Ìyá Onídìrí wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, Adájọ́ tẹ̀ síwájú, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ìyá rẹ̀, ojú sí ojú, ìyá sì rẹ́rìn-ín lásìkò. Bíńtín ti so okùn bàtà rẹ̀ padà. Ó ní tọdún tó ń bọ̀, àwọn ò ní ti ilẹ̀kùn pa tán mọ́, àwọn á fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ tí ojú lè gbà. Adájọ́ dájọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni kó rí, òun náà á sì wá láti ọ̀nà jíjìn wá kànkùn. Kò sẹ́ni tó pẹ̀jọ́.

Nígbà tí oòrùn yí, Ìyá Onídìrí di abọ́ tirẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé, ó ń gbá ikùn bí ẹni tó ń wò ó bóyá àpò ti kún. Bíńtín sùn sórí àga, àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ gbé àwo yín sílẹ̀, ó ti mọ́. Ẹni tó ń kúrò kó kúrò ní àlàáfíà, ẹni tó ń dúró kó dúró pẹ̀lú ayọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá délé tẹ́ ẹ kànkùn, tẹ́ni inú ilé ò dáhùn, ẹ má tíì bínú. Ẹ gbé ọwọ́ lé pákó ná.